Ohùn Jìbírílù Tó Fò Kọjá Lórí Wa

Ìkíni ni ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ba ìgbéyàwó mi jẹ́. Kì í ṣe èébú, kì í ṣe ìjà, ìkíni lásán ni: o kú iṣẹ́, o kú ojú omi, o kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín á pa mí débi pé màá di ẹ̀gbẹ́ mi mú. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀, èmi Kàfáyàt, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó kù díẹ̀ kí n forí sọ ògiri.

Ọdún 1975 ni, ní Banjul, olú-ìlú Gambia. Iṣẹ́ rédíò ni mò ń ṣe nígbà náà, ní ọ́fíìsì àwọn aṣojú ọkọ̀ òkun kan tó wà lẹ́bàá èbúté, níbi tí kò jìnnà sí ibi tí fẹ́rì tó ń kó èrò sọdá odò lọ sí Barra ti ń gbéra. Bí ọkọ̀ ẹrù bá fẹ́ máa bọ̀ láti Èkó tàbí Abidjan, èmi àti ọ̀gá mi, Idrissa, là ń bá a sọ̀rọ̀: ọjọ́ wo lẹ máa dé, ẹrù wo lẹ kó, ṣé ẹ nílò omi. Àárín irú ọ̀rọ̀ gbígbẹ báyìí ni mo ti pàdé Jìbírílù. Òun ni òṣìṣẹ́ rédíò inú ọkọ̀ ẹrù kan tó ń ná Èkó sí Banjul. Ọmọ Ìwó ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó rí ojú rẹ̀, nígbà tí mo sì rí ojú náà, mo ní háà, ó bá ohùn mu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin la sì rìn láti èbúté lọ sí etí òkun, tí à ń jẹ ẹ̀pà, tí à ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀ méjì.

Ìṣòro wa kò ju ẹyọ kan lọ. Ìyá mi, Simbiat, tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Albert, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹun lójú omi. Bàbá mi ló fà á. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí Monrovia láti lọ ra ọjà, tí a kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. Kò sí òkú, kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó sọ pé òun rí i. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ ojú omi kankan. Fẹ́rì tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá ń wọ̀, kò wọ̀ ọ́.

Àlàájì Ádámù ló fẹ́ kí n fẹ́. Àlàájì Ádámù ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, ó ní ìyàwó méjì, ó sì ní ohun kan tí ìyá mi fẹ́ràn ju gbogbo ìyẹn lọ: kì í lọ síbì kankan. Ìgbàkígbà tí o bá fẹ́ rí i, yóò wà lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí yóò máa fi igi ìtayín ta eyín rẹ̀.

Mo sunkún, mo kọ oúnjẹ, mo di kùnrùngbùn. Nígbà tó yá, ìyá mi dẹwọ́ díẹ̀. Ó ní, "Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, àwọn èèyàn Àlàájì ń bọ̀ wá gbọ́ èsì. Bí Jìbírílù rẹ bá fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi kó tó dìgbà yẹn, tiẹ̀ ni màá gbọ́. Ẹnu ara rẹ̀ o, Kàfáyàt. Mi ò fẹ́ lẹ́tà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá a sọ ọ́."

Abidjan ni ọkọ̀ Jìbírílù wà lọ́jọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Jímọ̀ yẹn gan-an ni yóò dé ẹnu odò wa, ṣùgbọ́n èbúté ti kún, wọ́n ní kò ní ríbi gúnlẹ̀ kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Mo bi ìyá mi pé, "Ṣé rédíò kì í ṣe ẹnu ni?"

Ó ronú sí i. "Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀, tí òun náà sì gbọ́ tèmi, ẹnu ni."

Mo sáré lọ bẹ Idrissa. Ọmọ Banjul ni Idrissa, ó ga tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í fi òfin rédíò ṣeré rárá. Lójú tiẹ̀, rédíò wà fún iṣẹ́ ọkọ̀, kò wà fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́, àti pé bí ẹnì kan bá ń gbé ẹnu lé e, ńṣe ni ọkọ̀ mìíràn ń dúró. Ó mi orí títí, ó wo ojú mi, ó tún mi orí. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá pé mọ́kànlá, màá pa á."

Lọ́sàn-án Sátidé, ìyá mi wọ ọ́fíìsì wa pẹ̀lú ìró tuntun àti gèlè, ó sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wọ mọ́ṣáláṣí. Idrissa kí i ní èdè Aku, Gẹ̀ẹ́sì àdàlù tí wọ́n ń sọ ní Banjul, pé, "Kushe, Mama!" Inú rẹ̀ dùn, ó ní ọmọ tó mọ ìkíni ni. Mo fi máìkì lé e lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ wo bọ́tìnì yìí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀, ẹ ò lè gbọ́ tiẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, òun ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni méjì ò lè sọ ọ́ pọ̀. Tí ẹ bá sọ tán, ẹ ní 'ọ́fà', kí ẹ sì fi bọ́tìnì sílẹ̀."

"Ṣé mo dà bí ọmọdé lójú rẹ ni?" ni ìyá mi wí.

Ohùn Jìbírílù jáde láti ẹ̀bá Abidjan lọ́hùn-ún, ó mọ́ gaara, àfi bí ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì. "Ẹ káàsán mà. Jìbírílù ni mà. Ọ́fà."

Ìyá mi tẹ bọ́tìnì. Ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ pa kòkòrò. "Háà, Jìbírílù! O kú iṣẹ́ o. O kú ojú omi, o kú ewu, o kú làálàá. Ìyá rẹ ńkọ́?" Ó dúró de èsì, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnì digbí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé ohùn sókè. "Mo ní ìyá rẹ ńkọ́? Bàbá ńkọ́? Gbogbo ará Ìwó ńkọ́? Ṣé òjò ti ń rọ̀ dáadáa? Ṣé iṣu ta?"

"Màmá, ẹ fi bọ́tìnì sílẹ̀."

"Mi ò tíì kí i tán."

"Màmá, ẹ sọ pé 'ọ́fà'!"

"Èmi tí mi ò tíì kí i tán! Ṣé kí n já ìkíni sí méjì ni, kí ó lè sọ pé ìyá ìyàwó òun ò ní ẹ̀kọ́?"

Mo gbọ́ tí ó pe ara rẹ̀ ní ìyá ìyàwó, inú mi sì dùn bí ẹni máa fò. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún ti lọ. Mo fi ìka méjèèjì yọ àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ohùn Jìbírílù sì ya wọlé láàárín ọ̀rọ̀: "...dáadáa ni wọ́n wà mà, ẹ ṣeun mà, iṣu ta mà, ẹ kú ọjà mà, ẹ kú ìtọ́jú Kàfáyàt mà, mo fẹ́ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún yín mà kí n tó sọ nǹkan kan." Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ ohùn mọ́. Mo mọ iyàrá rédíò ọkọ̀ náà, kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, Jìbírílù sì ga. A gbọ́ tí ife páànù kan já lulẹ̀, a gbọ́ tí ẹnì kan ké yéè. Nígbà tó fi máa dìde, ìyá mi ti gba bọ́tìnì padà, ó ti ń gbàdúrà fún un: "Dìde, ọmọ mi, dìde, o ò ní rí ogun ojú omi, wàá jẹun ọmọ..."

Idrissa na ọwọ́ gígùn rẹ̀, ó sì pa á. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pé.

Ìyá mi wọ bàtà rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. "Ọmọ dáadáa ni," ó wí. "Ó ní ẹ̀kọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ṣé o rí i pé kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo di orí mi mú, mo sì tún padà lọ bẹ Idrissa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Idrissa fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Ọkọ̀ náà ti ń kọjá níwájú Liberia. Mo ti gba bọ́tìnì sọ́wọ́ ara mi lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ohùn Jìbírílù ti di fọ́ínfọ́ín, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. "Màmá... mo fẹ́... ọmọ..." Ó wọlẹ̀. Ariwo ṣíì nìkan ló kù.

Ìyá mi yí ojú sí mi. "Ó fẹ́ ọmọ kí ni?"

Ọjọ́ kejì, mo pè é, kò dáhùn. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, mo pè é láàárọ̀, mo pè é lọ́sàn-án, mo pè é títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ọkọ̀ tó wà ní Takoradi ní Ghana lọ́hùn-ún ń dá mi lóhùn, ẹni tí n kò wá! Ọkọ̀ Jìbírílù, tí kò gbọdọ̀ jìnnà sí wa ju ìrìn ọjọ́ méjì lọ mọ́, kò sọ ohun kan. Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí. Ọdún kan ni mo tíì lò lẹ́nu iṣẹ́ náà, àwọn ọkọ̀ kì í sì í pè wá láàárín ọ̀nà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á pè nígbà tí wọ́n bá gbéra, wọ́n á tún pè nígbà tí wọ́n bá dé ẹnu odò. Èrò tèmi ni pé bí ọkọ̀ bá ṣe ń súnmọ́ ni ohùn á máa lágbára sí i.

Ìyá mi náà ro ohun kan náà. Nígbà tí mo délé wa ní Old Jeshwang nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó lórí ẹní, kò dáná. "Nígbà tó jìnnà, ó ń sọ̀rọ̀," ó wí. "Ó kù díẹ̀ kó dé, ó dákẹ́. Bàbá rẹ náà, bó ṣe dákẹ́ nìyí." Kò bínú sí mi. Ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí bí ó bá ti bínú, mo mọ bí a ṣe ń jà. Mo wọlé, mo fi ìrọ̀rí bojú.

Láàárọ̀ Tọ́sìdé, mo dé ọ́fíìsì pẹ̀lú ojú wíwú. Idrissa béèrè ohun tó ṣe mí. Mo sọ fún un pé Jìbírílù ti kú tàbí ó ti sá lọ, n kò sì mọ èyí tí mo fẹ́ nínú méjèèjì. Ó wò mí títí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbá a létí.

"Wá," ó wí. Ó gbé abọ́ omi kan, ó mú mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Nísàlẹ̀, alábàárù kan fara ti ògiri ilé, ó ń sinmi. Idrissa fi gbogbo agbára da omi náà síta. Omi náà fò kọjá lórí alábàárù, kò kán sí i lára rárá, ó sì balẹ̀ sórí Yusupha, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tó kàn wá, tó ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Èébú tí Yusupha bú wa lédè Wolof, n kò lè kọ ọ́ síbí.

"Ta ló tutù?" Idrissa bi mí.

"Yusupha."

"Ta ló súnmọ́ wa jù?"

"Alábàárù."

"Ó tutù?"

"Kò tutù."

Ó wá ṣàlàyé. Ó ní ìgbì rédíò ńlá wa ń gòkè lọ bá òrùlé kan ní òkè sánmà, òrùlé tí oòrùn ṣe, tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí. Bí ìgbì bá kan òrùlé yẹn, á ta padà wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni yóò balẹ̀ sí. Díẹ̀ lára rẹ̀ ń wọ́ lọ lójú omi, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá wà láàárín, níbi tí èyí tó ń wọ́ kò lè dé mọ́, tí èyí tó ń fò kò sì tíì balẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan. "Abidjan jìnnà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́ ọ," ó wí. "Ní báyìí, ohùn ọkùnrin rẹ ń fò kọjá lórí wa ni. Kò sá lọ. Ó ti súnmọ́ jù."

"Ó ti súnmọ́ jù!" Mo kígbe. Mo dì mọ́ Idrissa, mo dì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ju ọwọ́ sí Yusupha tí omi ń kán lára rẹ̀. Kí ni mo rí tí n kò ní yọ̀? Ọkùnrin mi kò kú, kò sì sá, ó kàn súnmọ́ mi jù ni.

Idrissa ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó jìnnà sí àwa méjèèjì lè gbọ́ àwa méjèèjì. A bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọkọ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún, ní ìhà Las Palmas. Ìgbà kẹta tí a pè, ẹnì kan dáhùn, èdè Yorùbá ló sì fi dáhùn, bí ó ṣe gbọ́ orúkọ mi.

"Ṣé ìwọ ni Kàfáyàt? Jọ̀ọ́, arábìnrin, dá ọkùnrin yìí lóhùn, a ò rí oorun sùn mọ́! Àjàmú ni mí, èmi ni mò ń ṣọ́ rédíò ọkọ̀ wa. Ó di ọjọ́ kẹta lónìí tó ti ń pè yín, ní wákàtí méjì-méjì. 'Màmá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín. Màmá, mo fẹ́ fẹ́ ọmọ yín.' Ará Spain ni kúùkù wa, òun gan-an ti mọ̀ ọ́n sórí, òun ló fi ń ro ọbẹ̀. Ọ́fà."

N kò dúró de Idrissa. Mo sáré láti èbúté dé ọjà Albert láìwọ bàtà, mo fa ìyá mi kúrò láàárín abọ́ tánganran, mo ní kí Jainaba tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá wa wo ọjà. Nígbà tí a dé, mo fi máìkì lé e lọ́wọ́.

"Ta nìyí?" ìyá mi bi rédíò.

"Àjàmú ni mà. Ọ́fà."

"Àjàmú ti ibo?"

"Ìsẹ́yìn ni mà. Ọ́fà."

Orí mi wú, nítorí Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí ìyá mi. "Ilé ta ni ní Ìsẹ́yìn?" ó wí. "Lápá ibo? Ta ló bí bàbá rẹ?" Idrissa gbé orí lé tábìlì. Ìbéèrè lọ, ìdáhùn bọ̀, títí a fi mọ̀ pé bàbá bàbá Àjàmú ń hun aṣọ òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgànná ilé àwọn ìyá mi, àti pé ìyá mi ti jí ìbẹ́pẹ jẹ lẹ́yìnkùlé wọn rí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó rẹlẹ̀.

"Àjàmú, má parọ́ fún mi. Ọmọkùnrin yẹn, ṣé ó ń bẹ láàyè?"

"Ó ń bẹ mà. Mò ń gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò gbọ́ ọ. Ọ́fà."

Ìyá mi wá àga, ó jókòó. Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, mo ti fẹ́ máa jó. Àfi bó ṣe tún gbé máìkì sókè: "O ṣeun, Àjàmú. Alárinà rere ni ọ́, Ọlọ́run á fún ìwọ náà ní tìẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ara rẹ̀ ni mo sọ, ọ̀rọ̀ mi kò yí padà."

Àjàmú bá wa kó ọ̀rọ̀ lọ fún Jìbírílù, ó sì kó èsì bọ̀. Jìbírílù ní ọ̀la, ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán, ọkọ̀ òun yóò dúró lẹ́nu odò, òun yóò sì pè wá lórí rédíò kékeré. Rédíò kékeré yìí, Idrissa ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi ní èdè Wolof tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Ó ní kì í gòkè lọ bá òrùlé kankan, ọ̀nà tààrà ló ń rìn bí ojú èèyàn ṣe ń ríran, ohun tó bá sì dí ojú, yóò dí òun náà. Láti ọ́fíìsì wa, gbogbo ilé ìkẹ́rùsí àti òrùlé páànù Banjul ló dúró sáàárín àwa àti òkun.

"Níbo lèèyàn ti lè rí òkun láìsí ìdènà?" mo béèrè.

Idrissa yí ojú sí fẹ́rì Barra tó ń kọjá láàárín odò, èmi náà yí ojú síbẹ̀. Ìyá mi rí ibi tí à ń wò.

"Déédéét!" ó wí, bí àwọn Wolof ṣe ń kọ nǹkan. Ó tún sọ ọ́ ní Yorùbá kó lè yé mi dáadáa. "Rárá. Rárá o." Ó wọ bàtà, ó padà sọ́jà.

N kò bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ ohun tí mò ń ní kó ṣe. Láàárọ̀ Jímọ̀, mo rí i tó ń to abọ́ sílẹ̀ de àwọn àlejò Àlàájì, mo sì jáde láìsọ̀rọ̀. Idrissa ti bá ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́rì sọ̀rọ̀, Momodou ni orúkọ rẹ̀, ó sì ti ní kí Àjàmú sọ fún Jìbírílù pé rédíò kékeré inú fẹ́rì ni kó pè. Aago méjìlá ààbọ̀ kọjá díẹ̀, mo dúró ní ibi tí wọ́n ti ń wọ fẹ́rì, láàárín àwọn àgbò, ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀pà, àwọn tó ń ta omi dídì, àti àwọn èrò tó ń tì mí lápá ọ̀tún àti òsì. Mo ti pinnu pé n óò lọ nìkan, n óò kàn gbọ́ ohùn rẹ̀, n óò sì sọ fún un pé kò sí ọ̀nà. Wọ́n ti ń fa okùn. Ìgbà náà ni mo rí gèlè ìyá mi láàárín èrò, ó ti wọ́, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà láàárín àwọn alábàárù, ó sì ń kí ẹni tó bá kọlù.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Má wò mí bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ibo ni wọ́n ń dìmú?"

Ara mi ni ó dìmú. Ó di ìró mi mú láti ilẹ̀ títí dé òkè ibi tí Momodou ti ń tukọ̀, ó pa ojú dé, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀. Momodou gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní, "Yaay, màmá, ẹ máa bọ̀," ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá ni ó ń lo rédíò náà, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni òun lè fún wa.

Nígbà tí a dé àárín odò, apá òsì wa là gbalasa. Òkun nìkan ló kù, àti ọkọ̀ ẹrù kan tó dúró lókèèrè, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ lójú wa. Rédíò pariwo ṣíì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ohùn Jìbírílù jáde, ó mọ́ débi pé ìyá mi la ojú, ó sì wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Fẹ́rì Barra, fẹ́rì Barra, Jìbírílù ni. Ṣé Màmá wà níbẹ̀? Ọ́fà."

Momodou gbé máìkì fún ìyá mi. Mo ń retí: o kú iṣẹ́, o kú ojú omi, iṣu ńkọ́. Ìyá mi tẹ bọ́tìnì. Ó ní, "Jìbírílù, ṣé ìwọ ni?" Ó sì fi bọ́tìnì sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Èmi ni mà! Ẹ káàsán mà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn, ẹ kú..."

Mo fi ọwọ́ bo ojú. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́! Kò sí ohun tó lè dá a dúró, nítorí òun ló wà lórí bọ́tìnì, kò sì gbọ́ ohun tí à ń sọ. Ìyá mi ń pariwo sí rédíò pé, "Ó tó! Mo ti gbọ́! Bi mí!" Jìbírílù ń bá a lọ. Ó kí àwọn ará ilé wa. Ó kí àwọn ará ọjà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ mà," ó sì dákẹ́ nígbẹ̀yìn. Momodou na ìka kan sókè. Ìṣẹ́jú kan ló kù.

Ìyá mi tẹ bọ́tìnì tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. "Jìbírílù! Dìde nílẹ̀! Ta ló ń béèrè ìkíni lọ́wọ́ rẹ? Àsìkò ń lọ, ọmọ yìí! Bi mí ní ohun tó o fẹ́ bi mí! Ọ́fà!"

A gbọ́ tí nǹkan já lulẹ̀. A gbọ́ èémí.

"Mo fẹ́ fẹ́ Kàfáyàt, mà. Ọ́fà."

Ìyá mi tẹ bọ́tìnì. Ó wo ọkọ̀ kékeré tó wà lókèèrè yẹn, ó wo omi tó yí wa ká, omi tí kò tíì wò láti ìgbà tí a ti wọ fẹ́rì.

"Mo fún ọ," ó wí. "Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Lójoojúmọ́ tó o bá wà lójú omi, pè é. Ìbáà jẹ́ pé ó gbọ́, ìbáà jẹ́ pé kò gbọ́, ṣáà máa pè é. Ọ́fà."

Momodou gba máìkì, nítorí ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan ti ń bínú sí wa lórí rédíò. Èmi kò mọ ohun tí mò ń ṣe mọ́. Mo fò, mo kígbe, mo gbá Momodou mọ́ra, fìlà rẹ̀ jábọ́ sórí àgbò kan nísàlẹ̀, àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún mi láìmọ ìdí rẹ̀. Mo yí padà láti dì mọ́ ìyá mi. Ó ti jókòó sórí pákó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó wà níwájú ilé rẹ̀.

"Kàfáyàt," ó wí, "àbí bàbá rẹ náà pè wá, tí a ò gbọ́?"

Mo jókòó tì í. Mo ní, "Ó pè wá, Màmá." Ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan mi, a sì jọ ń wo ọkọ̀ Jìbírílù títí fẹ́rì fi kan èbúté Barra.